Ọjà Tí A Kò Fi Ojú Rí Kí A Tó Sanwó: Ohun Tí Òfin Wí

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ ọjà ni, àgàgà ọjà tí a rà láti ọ̀nà jíjìn: tí a rí àwòrán rẹ̀ nínú fóònù, tí a fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ láti báǹkì, tí ẹni tó tà á wà ní Èkó tàbí Àbá, tí àwa sì wà ní Kánò níhìn-ín tí à ń retí ọkọ̀ ní gáréèjì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara wa, nítorí ojú wa ló rí i. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ń múra wòlímọ̀ Kùránì, ẹgbẹ́ pinnu láti ra àǹkárá kan náà fún gbogbo òbí. Oníṣòwò kan ní Èkó, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní òwú gidi ni, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, yáàdì 6 ni ìdì kọ̀ọ̀kan. A dúnàádúrà lórí fóònù, a sì san owó ìdì 40 pátá lẹ́ẹ̀kan náà sínú àkáǹtì tí ó fún wa. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì yẹn kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n a kò ka ìyẹn sí. Ẹrù dé ní ọjọ́ kẹrin. A gbé e lọ sí ilé akápò wa, a kò tú u, nítorí a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn jọ rí i ní ọjọ́ tí a ó pín in. Ọ̀sẹ̀ 5 kọjá. Ọjọ́ tí a tú u ni a rí i pé yáàdì 5 ló wà nínú àwọn ìdì kan. Kò sì pẹ́ tí ẹni tó kọ́kọ́ fọ tirẹ̀ fi wá sọ pé omi ti kó gbogbo àwọ̀ rẹ̀ lọ.

A pe oníṣòwò náà. Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, ó wà lára ìwé wa." Lẹ́yìn náà ló tún sọ pé, "Láti oṣù kan ó lé ni ẹrù ti wà lọ́dọ̀ yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí ẹ ti fi ṣe?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Agbẹjọ́rò kan tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wa yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ní gbólóhùn kìíní tí oníṣòwò yẹn sọ, òfin kò tì í lẹ́yìn rárá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kejì, ó ní àwa ni a fi ọwọ́ ara wa gbé e fún un. Lórí gbólóhùn méjèèjì yìí ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé.

Ìyá wa tó bá lọ sí ọjà Sabon Gari kì í fi ojú lásán ra nǹkan. Yóò fi ọwọ́ pa aṣọ, yóò nà án sí òòrùn, yóò bu gààrí sẹ́nu, yóò fi ìka lu ìkòkò kí ó lè gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé ara lé irú àyẹ̀wò yìí, ó sì ń sọ pé kí ẹni tó ń rajà la ojú ara rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wo ni ẹni tó wà ní Kánò yóò là sí aṣọ tó wà ní Èkó, tí ọ̀nà àárín wọn tó nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà? Ọwọ́ kò tó o, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń rà ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tà sọ nípa ọjà rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni òfin dì mú: bí ọjà kò bá bá ọ̀rọ̀ mu, àdéhùn ti bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á.

Èyí ti wà nínú Òfin Ìtajà ti ọdún 1893, èyí tí kóòtù wa ṣì ń lò tàbí tí àwọn ìpínlẹ̀ ti sọ di tiwọn. Òfin yẹn ní ọjà tí a bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, èyí tí a bá sì fi àpẹẹrẹ tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ mu. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ológun fi àṣẹ nọ́ńbà 66 dá ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin tó wà lórí àga lónìí ti gba ipò ìyẹn: Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Àjọ tó ń mú un ṣẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí FCCPC, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àbújá.

Ẹ̀yin àfáà wa yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìwé tí a ń kà ní ilé kéwú. Ní ọ̀nà Ímáàmù Málìkì tí à ń tọ̀, a lè ta ohun tí kò sí níwájú wa bí a bá ṣe àpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá dé tó sì bá àpèjúwe mu, ó ti di dandan fún ẹni tó rà á. Bí kò bá bá a mu, ó lè dá a padà. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà Hánáfì tún fẹ̀ ẹ́ sí i: wọ́n ní ẹni tó ra ohun tí kò rí, nígbà tó bá rí i, ó lè fà sẹ́yìn, kódà bí ọjà náà bá bá àpèjúwe mu. Nínú Risala tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà, a tún rí i pé wọn kò fẹ́ kí ẹni tó ń ta ohun tí kò sí nítòsí fi í ṣe àdéhùn dandan pé kí á kọ́kọ́ kówó sílẹ̀, àyàfi bí ibi tí ọjà wà bá sún mọ́ tòsí, tàbí tó bá jẹ́ ohun tí kì í tètè yí padà, bí ilé, ilẹ̀ àti igi. Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ sàlámù o, ọ̀tọ̀ ni òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí a bá rántí gbólóhùn kan yìí nígbà tí à ń ra àǹkárá, owó ìdì 40 kò ní ti ọwọ́ wa jáde kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan aṣọ kan.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí òfin ìjọba. Abala 121 òfin ọdún 2018 sọ pé bí a bá ra ọjà lórí àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ nìkan, ohun tí a bá gbé wá gbọ́dọ̀ rí bí ẹni tó lajú dáadáa yóò ti retí kí ó rí láti inú àpèjúwe náà. Abala 122 ló wá bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ. Ó ní bí oníbàárà kò bá ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí a tó gbé e fún un, ó lè kọ̀ ọ́ kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀ padà, bí ọjà náà kò bá bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ mu, tàbí tí kò bá jẹ́ irú èyí tí àdéhùn wọn ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí a bá ti sọ fún ẹni tó ń tà pé iṣẹ́ báyìí ni a fẹ́ fi nǹkan náà ṣe, tí a sì rí i pé kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo owó ni òfin wí. Kò sọ pé kí ẹ gba ọjà mìíràn tí ẹ kò fẹ́ dípò rẹ̀, kò sì sọ pé kí wọ́n kọ owó yín sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ rajà.

Kí wá ni ti ìwé tó ní wọn kì í gba ọjà padà? Abala 129 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi gbólóhùn inú àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin yìí fún oníbàárà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wù lè kọ ọ́ sára rìsíìtì, kí ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí ọjà tí ó gbé wá kò bá bá ohun tó sọ mu, gbólóhùn yẹn kò lè gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú abala 122 tí ó mú wa. Òfin ní kí oníbàárà kọ ọjà náà láàárín àkókò tó mọ níwọ̀n lẹ́yìn tí ó dé ọwọ́ rẹ̀. Kò ka ọjọ́ fún wa. Kò ní ọjọ́ 3, kò ní ọjọ́ 14. Ọjọ́ tó mọ níwọ̀n fún ẹja gbígbẹ kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ti ẹ̀rọ amúnáwá, ohun tí a bá sì ṣe sí ọjà lẹ́yìn tí ó dé yóò sọ̀rọ̀ fún wa tàbí kí ó sọ̀rọ̀ lòdì sí wa. Òfin ọdún 1893 là á yé wa dáadáa: ẹni tí kò rí ọjà tẹ́lẹ̀, a kò ní sọ pé ó ti gbà á títí yóò fi ní àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ bí ó bá ní àyè tí kò yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó dákẹ́ títí ọjọ́ fi gorí ọjọ́, a ó ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí ìgbà. Bí ó bá sì ṣe ohun tí ẹni tó ni nǹkan nìkan ń ṣe, ó ti gbà á náà nìyẹn. Gígé aṣọ wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí télọ̀ bá ti fi síkásì sí, ó ṣòro kí a tún sọ pé a kò gbà á. Ọ̀sẹ̀ 5 tí ẹrù fi wà ní dídì nínú yàrá akápò, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ wa ti ń yọ́ bí yìnyín tí a gbé sínú òòrùn.

Àwọn kan nínú wa tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ pé níbẹ̀, bàtà tí ènìyàn kò fẹ́ mọ́ lásán, yóò dá a padà. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1997 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin kan fún irú ọjà ọ̀nà jíjìn yìí. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni wọ́n fún olùrajà nígbà náà. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011 sọ ọ́ di ọjọ́ 14, ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń lò ó láti oṣù kẹfà ọdún 2014. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹni tó rà á kò ní láti wí àwíjàre kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ àwọn nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, bí aṣọ tí a rán mọ́ ìwọ̀n ẹnì kan àti ohun tó ń tètè bàjẹ́. Bí a bá fi wé ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tiwọn sún mọ́ ọ̀nà Hánáfì, tiwa sì sún mọ́ ti Málìkì. Ní Nàìjíríà, òfin kò fún wa láyè láti dá ọjà padà nítorí pé ọkàn wa yí padà tàbí nítorí pé ìyàwó ilé kejì rí èyí tó dára ju tiwa lọ. Ẹni tó bá fi ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ bá oníṣòwò Èkó jà yóò kàn fi ẹnu ṣẹ́pẹ́ fún ara rẹ̀ ni.

Ohun kan wà tí a lè ṣe kí ọjà tó dé. Abala 120 gbà wá láyè láti fagi lé ohun tí a ti ní kí wọ́n fi pamọ́ fún wa, bí àyè inú ọkọ̀, yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ọjà tí a ti sọ pé a fẹ́. Ẹni tó ń tà lè yọ owó díẹ̀ tó bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí a ṣe é fún ló kú, tàbí tí wọ́n gbé e dá sí ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀. A rántí ìyá kan nínú wa tó pàdánù gbogbo owó gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní ọdún tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe aláìsí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ wébìlì náà gba ìṣọ́ra. Lábẹ́ òfin ọdún 1893, bí ẹni tó tà bá ti gbé ẹrù fún ọlọ́kọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí ó ṣe, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ti gbé e fún wa, àyàfi bí àdéhùn wa bá sọ ohun mìíràn, tàbí bí ó bá fi àìbìkítà bá ọlọ́kọ̀ ṣe àdéhùn. Nítorí náà, kí ẹrù tó kúrò ní Èkó ni kí á ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí òfò ọ̀nà yóò já lé lórí. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí fóònù ti tó: "Ọwọ́ yín ni ẹrù wà títí yóò fi dé Kánò." Bí ó bá dáhùn pé òun gbà, ẹ tọ́jú èsì rẹ̀.

Ìtọ́jú èsì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí. Ọlọ́run Ọba sọ fún wa nínú Súrátù Bàkárà, ẹsẹ 282, pé kí á máa kọ gbèsè tó ní àkókò sílẹ̀. Ó yọ̀ǹda fún wa láti má kọ òwò ojú ẹsẹ̀ tí à ń ṣe láàárín ara wa. Ọjà tí owó rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Ajé tí ẹrù rẹ̀ yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe òwò ojú ẹsẹ̀. Abala 118 òfin ọdún 2018 pẹ̀lú sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń tà láti fún wa ní ìwé tó ní orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́, irú ọjà, iye rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ẹ béèrè fún un. Ẹni tó bá kọ̀ láti sọ orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó, ibo ni ẹ ó ti rí i lẹ́yìn tí ẹ bá san án? Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp náà jẹ́ ẹ̀rí. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ní ọdún 2023, gbà kí kóòtù wo ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, bí a bá mú un wá bí òfin ti wí. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa á rẹ́ nítorí àtifi àyè sílẹ̀ fún fídíò ìyàwó.

Bí ìjà bá wá dé ńkọ́? Ẹni tó tà á ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹrù dé, ohun tí ẹ rí, àti pé ẹ kọ ọjà náà, ẹ fẹ́ owó yín. Ẹ má kàn pariwo lórí fóònù. Ariwo kì í ní ọjọ́ lórí. Bí kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé ẹjọ́ sí àjọ FCCPC, kí ẹ so àwòrán àti rìsíìtì mọ́ ọn. Abala 146 sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gba kóòtù lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó dá Kóòtù Ẹjọ́ Kékeré sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún ọ̀rọ̀ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, Kánò náà sì ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ẹni tí òun wà ní Kánò tí oníṣòwò rẹ̀ wà ní Èkó, kí ó bi agbẹjọ́rò léèrè kí ó tó náwó sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á jáwọ́ nínú gbígbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, abala 32, kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan. Bí oníṣòwò bá gbé aṣọ burúkú wá, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ọjà, àwòrán olówò mìíràn ló jí gbé, tí ó gba owó tí ó sì pa fóònù, jìbìtì nìyẹn. Irú èyí ni ti ọlọ́pàá, báǹkì yín sì ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré pè ní wákàtí yẹn gan-an, kí owó tó kúrò níbi tó wà.

Kí á má sì gbàgbé pé àwa náà ń tà. Púpọ̀ nínú wa ló ń fi bàtà, ìkòkò àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ránṣẹ́ láti Kánò sí Màídúgùrì, Sókótó àti Zíńdà. Òfin tó wà lórí ẹni Èkó wà lórí àwa náà. Oníṣòwò pẹ̀lú sì ní ẹjọ́ tirẹ̀: a ti rí oníbàárà tó ní kí wọ́n gbé ọjà wá, tí ó sá nígbà tí ọkọ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè bú ẹni tó ní kí á kọ́kọ́ san nǹkan. Ohun tí a rí pé ó tọ́ fún tọ̀tún-tòsì ni kí á san díẹ̀ ṣáájú, kí á san ìyókù nígbà tí a bá ti tú ẹrù wò.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò lórí aṣọ ọdún tó ń bọ̀. A ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi yáàdì kan ránṣẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì gé e sí méjì: ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ akápò, a ó fi èkejì ránṣẹ́ padà sí oníṣòwò kí ó lè mọ ohun tí à ń retí. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé gáréèjì ni ènìyàn 3 yóò tú u, Ìyá Àdínnì, akápò àti ọ̀dọ́ kan tí yóò máa ya àwòrán. Wọn yóò wọn gbogbo ìdì, ìdì kan kò sì ní dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kí wọ́n tó parí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ọjà ọ̀nà jíjìn tó ń dùn ún lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ó kó rìsíìtì àti fóònù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn Àṣàlátù ọjọ́ Àìkú. Agbẹjọ́rò wa yóò wà níbẹ̀ títí di àkókò Sùùrì.